Laptop mi ń gbóná janjan, ó sì ń kú lójijì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìsẹ́yìn. Laptop tokunbo kan ni mo fi ń ṣe èsì ìdánwò àwọn ọmọ, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ àwọn tó ń múra WAEC sílẹ̀ lórí Zoom ní ọ̀sán Sátidé. Láìpẹ́ yìí ni ìwà rẹ̀ yí padà. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ti di ọ̀sán tí oòrùn mú, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ariwo, abẹ́ rẹ̀ á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè gbà á, gbogbo nǹkan á wá máa falẹ̀. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tó máa kú fin-ín. Kì í kìlọ̀ rárá. Àárín ẹ̀kọ́ ló ti ṣe é fún mi ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo sì fi máa rí i tàn padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ti lọ.

Ẹnì kan ní bátìrì ni. Ẹlòmíì ní kí n lọ ra cooling pad, pẹpẹ oní-fáànù tí wọ́n ń gbé laptop lé. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa wá sọ pé processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ti fẹ́ lọ, pé kí n máa wá owó òmíràn. Owó òmíràn kò sí nílẹ̀ báyìí, mi ò sì fẹ́ ná owó sórí ohun tí kì í ṣe òun ló ń ṣe é. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ẸnjiníàỌ̀tígbà

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Processor tó fẹ́ lọ kì í sábà ṣe báyìí. Èyí tí ẹ ròyìn yìí, ó ń gba ara rẹ̀ là ni. Ọ̀pọ̀ processor inú laptop ni wọ́n pààlà ooru fún ní nǹkan bí 100 dígírì Celsius. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, á dín eré tó ń sá kù fúnra rẹ̀ kí ooru lè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń falẹ̀ kó tó kú. Tí ooru ò bá wálẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà á pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jóná nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni ibi tí ooru há sí.

Nínú laptop, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bàbà ṣe ló jókòó lé processor lórí. Ìpara kan wà láàárín àwọn méjèèjì, thermal paste ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí ooru kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Páìpù bàbà á wá gbé ooru náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò sí, fáànù á sì fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn jáde síta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kùnà, ooru ò rí ọ̀nà lọ nìyẹn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Ẹ ṣí iṣẹ́ tó máa ń mú un gbóná, ẹ jẹ́ kí fáànù bẹ̀rẹ̀ ariwo, kí ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ yín sí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. Bí atẹ́gùn náà bá lágbára tó sì gbóná, fáànù ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà sì là. Iṣẹ́ tí ẹ ń gbé lé e lórí ló pọ̀, tàbí kí yàrá yín gbóná jù. Bí fáànù bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ò fi bẹ́ẹ̀ jáde, eruku ti dí i. Bí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa àmọ́ tí kò gbóná, síbẹ̀ tí processor ń hó, a jẹ́ pé ooru ò dé ara àwọn irin yẹn rárá: ìpara ti gbẹ, tàbí kí irin bàbà má jókòó dáadáa. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró fáànù kankan nígbà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fáànù ti kú. Ẹ má lò ó mọ́ títí wọn ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún fi sọ́fítíwia HWMonitor tàbí Core Temp sí i. Ẹ ò ní sanwó fún ìkankan nínú wọn. Iye dígírì tí processor wà ni wọ́n ń fi hàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, kí ẹ tún kọ ọ́ nígbà tí Zoom bá ń lọ.

ÌyáÌbejìÒṣogbo

Olùkọ́, orí kí lẹ ń gbé e lé ná? Ọ̀pọ̀ laptop ló jẹ́ pé abẹ́ ni fáànù ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, àga onítìmùtìmù, kódà aṣọ tábìlì tó nípọn, gbogbo wọn ló ń dí ihò yẹn. Àwọn ọmọ mi ò yé gbé tiwọn lé ìrọ̀rí àfìgbà tí mo bá wọn wá pákó pẹlẹbẹ kan, tí mo ní orí pákó yẹn nìkan ni kó máa wà. Ẹ tún lè fi ìdérí ìgò omi méjì ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó ga díẹ̀ kúrò lára tábìlì. Ìyẹn nìkan ti mú kí ariwo tiwa rọlẹ̀.

Ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ gbé e sínú fìríìjì tàbí kí ẹ fi yìnyín sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tó tutù tí ó bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, omi á sẹ̀ sí i lára, nínú lọ́hùn-ún, lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tò sí. Omi yẹn ló máa wá pa á.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Ẹ káàsán o, Sà. Kí wọ́n tó tú u, ẹ wo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí. Ẹ tẹ orí CPU, òun náà ni processor, kí ohun tó ń jẹ agbára jù lè wá sókè. Tí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan, tí ẹ sì rí ohun kan tó jókòó sí ìdá 60 tàbí 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sọ̀ kalẹ̀, òun lẹ ó kọ́kọ́ bá wí. Nígbà mìíràn Windows Update ni, tàbí antivirus tó ń yẹ gbogbo fáìlì wò. Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Táàbù rẹpẹtẹ tí a ṣí kalẹ̀ nínú Chrome náà ń jẹ ẹ́, pàápàá èyí tí fídíò wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ ò mọ̀ rí, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó lè jẹ́ sọ́fítíwia olè tó ń fi kọ̀ǹpútà olóhun wa owó kíríptò. Inú àwọn Office àti gíìmù tí wọ́n jí ṣe ni irú wọn máa ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ tokunbo ló sì jẹ́ pé wọ́n ti kó ìyẹn sí i kí wọ́n tó tà á fún wa. Ẹ fi Windows Security yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Full scan ni kí ẹ mú; Quick scan kì í wo gbogbo ibi.

Ohun kejì rèé, òun ló ń gbà mí ní hostel. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, Processor power management, kí ẹ wá ṣí Maximum processor state. Ẹ yí 100 tó wà níbẹ̀ sí 99. Processor Intel máa ń fi kún eré rẹ̀ fúngbà díẹ̀ tí iṣẹ́ bá dé, Turbo Boost lorúkọ rẹ̀, eré àfikún yẹn ló sì ń mú ooru wá jù. 99 yìí máa ń dá Turbo náà dúró. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú Word tàbí Zoom, ṣùgbọ́n ooru ń wálẹ̀ gan-an. Àwọn laptop tuntun kan kì í fi àyè yẹn hàn. Tó bá jẹ́ irú wọn lẹ ní, tó sì jẹ́ Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Power & battery, ẹ mú Best power efficiency nínú Power mode.

ẸnjiníàỌ̀tígbà

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀, òótọ́ lọ̀rọ̀ 99 yẹn, èmi náà máa ń ṣe é fún oníbàárà tí kò tíì ráyè fi tiẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kò lè kó eruku kúrò. Bí ọ̀nà bá ti ń dí, ńṣe ni yóò máa dí lọ.

ÀbúròManchester

Ẹ má yọ yàrá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fáànù laptop ò lè mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé lọ. Níbi tí mò ń gbé, yàrá mi kì í sábà ju 20 dígírì lọ. Tí mo bá wá sílé lóṣù Kejìlá, laptop kan náà, iṣẹ́ kan náà, yàrá wa ní Agége á wà ní 32, ooru processor náà á sì gòkè pẹ̀lú ohun tó sún mọ́ dígírì méjìlá yẹn. Ohun tí yàrá bá fi ju ti àná lọ, orí processor ló ń bọ̀.

Àwọn Apple kọ ọ́ sójú ìwé wọn pé ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 10 sí 35 dígírì ni kí a ti máa lo MacBook. Ẹ wá ro yàrá tí òrùlé páànù rẹ̀ kò ní síìlì, lọ́sàn-án oṣù Kẹta. Ó ti kọjá 35. Torí náà kò yà mí lẹ́nu pé ti Olùkọ́ ń dára láàárọ̀, ó sì ń kú lọ́sàn-án. Ó ti wà létí ààlà tẹ́lẹ̀, ooru ọ̀sán ló ń tì í kọjá.

Bí ẹ bá lè sún tábìlì kúrò níbi tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ sún un. Fáànù orí tábìlì náà wúlò, àmọ́ kí ẹ má kọjú rẹ̀ sí ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde, torí á máa ti ooru náà padà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí ẹ gbé e sí. Èyí tí ẹ bá sì lè ṣe láàárọ̀ kùtù tàbí lálẹ́ nínú iṣẹ́ tó wúwo, ẹ gbé e síbẹ̀.

Olùkọ́Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mi ò ṣe nǹkan kan, processor wà ní 68. Nígbà tí Zoom ń lọ, ó dé 98. Nínú Task Manager, kò sí àjèjì kankan, Zoom àti Chrome nìkan ló wà lókè. Aṣọ tábìlì tó nípọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ti ká a kúrò. Mo yí i sí 99 bí àbúrò wa ní Ifẹ̀ ṣe wí, ooru Zoom wálẹ̀ sí 89, kò sì tíì kú láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọwọ́ síbẹ̀, ariwo pọ̀, atẹ́gùn ò tó nǹkan. Ṣé eruku náà nìyẹn?

BàbáDúgbẹ̀

Eruku ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fókánáísà tó ń fẹ́ táyà, kó fẹ́ ẹ láti ojú ihò yẹn. Ìṣẹ́jú kan ni.

ẸnjiníàỌ̀tígbà

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ìyẹn. Omi máa ń wà nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ fókánáísà, òróró náà sì máa ń bá a jáde. Agbára rẹ̀ á mú kí fáànù kékeré yẹn yí ju bí wọ́n ṣe ṣe é fún lọ, bẹ́árìn rẹ̀ á jẹ, kò sì ní pẹ́ tí fáànù á fi máa han gooro. Èyí tó burú jù ni pé eruku tó ti pẹ́ kì í jáde bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ ẹ láti ìta láìṣí i, inú ló ń padà sí, lórí bọ́ọ̀dù.

Olùkọ́, eruku ni tiyín, ọwọ́ yín ti sọ ọ́. 68 nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan ti pọ̀ jù. Màá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọwọ́ yín bá balẹ̀, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Bí kò bá sì balẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹni tí ẹ bá gbé e fún ṣe.

Ẹ pa á pátápátá, Sleep kọ́ ni mo wí o. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí síkúrù tó bá já bọ́ má baà sọnù. Ẹ ya abẹ́ laptop náà sórí páálí, kí ẹ máa fi síkúrù kọ̀ọ̀kan gún ojú ibi tí ẹ ti yọ ọ́, nítorí gígùn wọn kì í dọ́gba. Síkúrù gígùn tí wọ́n bá dè síbi ti kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá ti yọ wọn tán, káàdì ATM tí ẹ ò lò mọ́ ni kí ẹ fi ṣí etí ìdérí náà díẹ̀díẹ̀; ẹ má fi ọ̀bẹ. Tó bá le jù ní ibì kan, ẹ má fipá fà á, síkúrù kan ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí, ó lè wà lábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fọwọ́ kan irin fèrèsé kí iná kékeré tó máa ń wà lára èèyàn (static) lè kúrò lára yín, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe nínú ni kí ẹ yọ ẹnu okùn bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ó wá kan fáànù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn abẹ rẹ̀, èyí tó ń yí yẹn, wọ́n á rí i pé ó mọ́, wọ́n á dé e padà, ooru ò sì ní yí padà. Abẹ fáànù kọ́ ni gbogbo ìṣòro wà. Ẹ tú fáànù náà kúrò, síkúrù méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dè é. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti kọjú sí àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ ó rí i tí eruku, irun orí àti fọ́nrán aṣọ ti hun ara wọn pọ̀ síbẹ̀ bí òfì Ìsẹ́yìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú etí rẹ̀, odidi ló sábà máa ń ká kúrò. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn yín há sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìyókù, tàbí kí ẹ fi blower ọlọ́wọ́ fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ fáànù fúnra rẹ̀, ẹ fi ìka di abẹ rẹ̀ mú kó má yí.

Tó bá jẹ́ tokunbo tó ti pẹ́, mo máa ń gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n pààrọ̀ ìpara náà nígbà tí a ti ṣí i tán. Nọ́ńbà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn síkúrù irin bàbà yẹn, 1, 2, 3, 4. Ẹ tú wọn díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, ẹ dè é díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fún ọ̀kan pa kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ fi isopropyl alcohol àti aṣọ tí kì í tú nu ìpara àtijọ́ kúrò títí processor á fi máa dán. Ìpara tuntun tó tó horo ìrẹsì kan ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kò sì ní mú kó tutù sí i.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn kan máa ń bà jẹ́. Nínú àwọn laptop kan, ẹ ó rí rọ́bà rírọ̀ pẹlẹbẹ lórí àwọn ohun kéékèèké tó yí processor ká. Thermal pad ni. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fi ìpara rọ́pò rẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ ni wọ́n fi wọn àlàfo tó wà níbẹ̀. Tó bá ya, èyí tí ìnípọn rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ fi pààrọ̀.

ÌyáÌbejìÒṣogbo

Tí ẹ bá máa gbé e fún èèyàn, ẹ dúró tì í. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ iye RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) àti iye SSD (ibi tó ń kó fáìlì sí) tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá dé e tán. Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn o, àwọn olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ò ní bínú pé ẹ dúró.

OnífídíòLẹ́kí

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí cooling pad, torí mi ò rí ẹni tó dá Olùkọ́ lóhùn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ mi máa ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo agbára rẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ. Mo ní cooling pad, mo sì ń lò ó, ó ń bá mi dín bíi dígírì márùn-ún kù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúlò tó bá jẹ́ abẹ́ ni laptop yín ti ń fa atẹ́gùn, tí ojú fáànù pad náà sì ṣe déédéé pẹ̀lú ihò yẹn. Tó bá jẹ́ pé ojú kíbọ́ọ̀dù ló ti ń fà á, owó yín ló lọ. Tí inú bá sì ti dí, kò sí pad tó lè ràn án lọ́wọ́. Ìdérí ìgò Ìyá Ìbejì ń ṣe ohun tó pọ̀ nínú iṣẹ́ pad, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so laptop mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí monitor tí ẹ sì ń pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ ṣọ́ra. Ihò àwọn kan wà lẹ́bàá ìdè ìdérí. Tí ẹ bá pa á dé, ojú skrín ló ń gba ooru náà. Ẹ ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ ó kéré tán.

Nọ́ọ̀sìAbẹ́òkúta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a dákẹ́ lórí bátìrì. Ooru ń tètè sọ bátìrì lithium di arúgbó, ó sì lè mú kó wú. Ẹ wo laptop yín lórí tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé ó ń mì, tí kì í mì tẹ́lẹ̀? Ṣé ojú ibi tí ìka ti ń darí àmì, touchpad, ti ga sókè, tàbí kó le láti tẹ̀? Ṣé etí ìdérí abẹ́ ti là? Bátìrì tó wú ló máa ń fa ìyẹn. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má ṣe so ó mọ́ iná mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì sun mọ́jú pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá ọmọ. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Bátìrì tó bá gbiná kì í fún èèyàn láyè rò ó.

Tí tiyín ò bá tíì wú, tó sì jẹ́ pé inú iná ló ń wà ṣáá, ọ̀pọ̀ laptop ló ní ibi tí a ti lè sọ pé kí bátìrì má gba iná kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú BIOS (ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé) tàbí nínú sọ́fítíwia iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ wá a. Ṣájà ayédèrú tún jẹ́ ewu kan, àwọn tó máa ń gbóná bí wọ́n bá ti wọ iná. Iye volt àti watt tó wà lára èyí tó bá laptop wá ni kí ẹ fi wé èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Olùkọ́Ìsẹ́yìn

Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn, ọwọ́ mi ò balẹ̀ láti tú u fúnra mi. Mo dúró tì í, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Bí ọkùnrin náà ṣe tú fáànù, ohun tí Ẹnjiníà sọ ló wà níbẹ̀. Ó fi ẹ̀mú fà á, ó ká kúrò lódidi, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Mo ní kó bá mi wo ìpara. Ó ti gbẹ pátápátá, ó ń bó kúrò lára bàbà ní kélekèle. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé nọ́ńbà síkúrù láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Bátìrì kò wú.

Nígbà tí mi ò ṣe nǹkan kan báyìí, 49 ni. Zoom ọ̀sán Sátidé, 74, mo sì ti dá a padà sí 100 nínú Power Options. A kọ́ ẹ̀kọ́ náà parí. Ẹ̀yin àgbà àti àbúrò mi, ẹ kú àánú mi. Ìgbà wo ni kí n tún ṣí i?

ẸnjiníàỌ̀tígbà

Inú mi dùn gan-an. Ẹ kọ 49 àti 74 yẹn sórí ìwé kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí kan náà lọ́jọ́, kí ooru yàrá má baà tàn yín jẹ. Tó bá ti fi nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá kọjá ti àtẹ̀yìnwá, ó tó àkókò. Ẹ má tú u nítorí pé oṣù báyìí-báyìí ti pé. Síkúrù àti ẹnu okùn wọ̀nyẹn kò fẹ́ kí a máa ṣí wọn ní gbogbo ìgbà.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn nílé wa níbí, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ ló dáa jù, torí eruku oṣù Kejìlá sí Kejì yẹn ń wọ ibi gbogbo. Ẹni tó bá ń lo tirẹ̀ nítòsí ibi ìdáná tàbí níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí, tirẹ̀ á tètè dí ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí èéfín ọlọ́ràá ń mú kí eruku lẹ̀ mọ́ irin. Ìpara ní tirẹ̀ lè lo ọdún mélòó kan.

AlágboÌlọrin

Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi pẹ̀lú tèmi. Tèmi kì í gbóná níbi iṣẹ́. Inú báàgì ló ti ń gbóná. Màá pa ìdérí rẹ̀ dé ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mo bá délé, báàgì á ti gbóná, bátìrì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Ìyá, Sleep ló ń lọ sí tí ẹ bá pa ìdérí dé, kò kú. Nǹkan lè jí i nínú báàgì, Windows Update tàbí mouse tó fara kan nǹkan, á wá máa ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí atẹ́gùn. Àwọn laptop tuntun tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú Sleep náà.

Ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Choose what closing the lid does. Níwájú When I close the lid, ẹ yan Hibernate, ní ti bátìrì àti ní ti ìgbà tó wà nínú iná. Iṣẹ́ yín á wà bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tàn án padà, àmọ́ ẹ̀rọ á ti kú ní tòótọ́. Tí Hibernate ò bá sí nínú àwọn tó jáde, ẹ wá Command Prompt, ẹ fi Run as administrator ṣí i, ẹ kọ powercfg /hibernate on, kí ẹ padà lọ wò ó.

Tó bá ṣì gbóná lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Command Prompt náà bí ẹ bá ṣe délé, ẹ kọ powercfg /lastwake, kí ẹ wá da ohun tó bá sọ síbí. A ó jọ wò ó.